Ìtàkùn Tí Ọyẹ́ Ò Rí Ewé Rẹ̀ Gbọ̀n

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ìgbà tó yẹ kí òun wá yan ìtàkùn tí yóò bo ògiri ilé òun, oṣù kìíní ọdún ni mo máa ń dá fún un. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí kò sí ará Adó-Èkìtì tí kò mọ̀ pé oṣù kìíní kì í ṣe oṣù gbígbìn. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, ètè ń bó, eruku jókòó sórí ewé gbogbo, ilẹ̀ sì ti le gbagidi. Ṣùgbọ́n yíyàn ni mo wí, n kò tíì wí gbígbìn. Ní oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ léraléra, kò sí ìtàkùn tí kò dára lójú. Ẹ̀jìnrìn tó hù fúnra rẹ̀ lórí ààtàn á tutù yọ̀yọ̀, á so èso, èso á pọ́n, ẹni tó ń kọjá lọ á ní kí wọ́n bá òun já díẹ̀ gbìn sẹ́nu géètì. Kí oṣù kejìlá tó parí, okùn gbígbẹ ló kù lára fẹ́ǹsì. Ẹni tó fi ojú òjò yan ìtàkùn, òjò ló rà, nígbà tí òjò bá sì ń lọ, yóò gba ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Iṣẹ́ òdòdó ni mo ń ṣe jẹun. Àwọn ènìyàn wa a máa pe ohunkóhun tí a bá gbìn fún ẹwà ní fúláwà, ìbáà tanná, ìbáà má tanná, èmi náà sì ti gba orúkọ oní-fúláwà tọkàntọkàn. Lẹ́bàá títì tó lọ sí Ìyìn-Èkìtì ni mo tẹ́ àtẹ mi sí, nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, lábẹ́ ibòji tí mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe. Mo ń ta ixora, mo ń ta koríko tí wọ́n ń tẹ́ síwájú ilé, mo ń ta àwọn igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé wọn ń wọ́ nílẹ̀. Owó àwọn wọ̀nyí ló ń san owó ilé ìwé ọmọ. Síbẹ̀ ìtàkùn ni ọkàn mi fà sí. Igi á dá dúró, kò bèèrè ẹnikẹ́ni. Ìtàkùn kò lè dá dúró, nítorí náà kò ṣeé gbìn láìronú nípa ohun mìíràn: ògiri wo ni yóò gùn, ìhà wo ni ògiri náà kọjú sí, ta ni yóò máa gé e, àgbàlagbà tó ń gbé inú ilé náà ha fẹ́ràn kí ewé wà létí fèrèsé rẹ̀? Ẹni tó bá yan ìtàkùn dáadáa ti mọ ilé náà àti àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kó tó gbẹ́ ihò. Èyí ni mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ náà.

Ọyẹ́ tí mo ń wí yìí, aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ á gbé eruku láti ìhà Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, á gba òkè ọya kọjá, á sì bá wa níbí láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Adó wà lórí ilẹ̀ tó ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 400 mítà, àpáta sì yí wa ká. Ẹni tó bá ní ilé nítòsí àpáta Olóta mọ bí àpáta ṣe ń fi ọ̀sán gba oòrùn, tí á sì máa tú ooru rẹ̀ jáde títí alẹ́ yóò fi lẹ́. Lóru, òtútù. Lọ́sàn-án, ooru. Afẹ́fẹ́ gbẹ láàárín méjèèjì. Ewé ń pàdánù omi láti orí, gbòǹgbò ò sì rí omi púpọ̀ fà láti ìsàlẹ̀. Àwọn igi kan gbọ́n, wọ́n á wọ́ ewé wọn sílẹ̀, wọ́n á dúró dé òjò, àràbà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn yan ọ̀nà kejì: wọ́n mú kí awọ ewé nípọn, wọ́n fi ìda tẹ́ ojú rẹ̀ kí omi má baà rí ọ̀nà jáde. Àwọn yìí ni wọ́n ń tutù yípo ọdún, àwọn ni mo sì ń wá.

Ọ̀nà tí mo ń gbà dán ewé wò rọrùn, mo sì máa ń kọ́ oníbàárà tó bá ní sùúrù. Wá ewé tó ti dàgbà, má mú ọ̀jẹ̀lẹ́. Fi àtàǹpàkò nu eruku ojú rẹ̀. Bí ó bá ń dán lábẹ́ eruku, ó ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ká ewé náà sí méjì láàárín ìka. Èyí tí yóò fara da ọyẹ́ á kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà á ṣẹ́ pẹ́kẹ́. Èyí tó rọ̀ tó sì ká jẹ́jẹ́, omi òjò ló fi ń gbé ara rẹ̀ dúró. Kò sí ìdánwò tí kì í tàsé, ṣùgbọ́n èyí kì í sábàá já mi kulẹ̀. Bí oníbàárà bá sì ní ẹsẹ̀ àti àkókò, mo máa ń ní kó rìn láti Fájúyì títí dé Òkèṣà ní ọ̀sán oṣù kìíní, kó máa wo ara fẹ́ǹsì àwọn ènìyàn. Ohun tó bá rí tó ṣì tutù níbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan dúró tì í pẹ̀lú rọ́bà omi, kó wá sọ fún mi.

Àbúrò mi obìnrin kan ń gbé ní Manchester. Ó fóònù mi ní ìgbà òtútù kan.

"Bọ̀dá mi," ó ní, "ẹ̀yin tí ẹ mọ fúláwà, kí ni mo lè gbìn síbí tí ewé rẹ̀ ò ní wọ́ tán kí Kérésì tó dé? Láti oṣù kọkànlá ni gbogbo igi ti wà níhòòhò."

Mo bi í bóyá ilẹ̀ wọn ń dì. Ó ní nígbà mìíràn, ilẹ̀ á le débi pé ṣọ́bìrì ò ní wọlé. Mo wá sọ fún un pé ìjà tí ewé ń jà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà ló ń jà nílé. Omi di yìnyín nínú ilẹ̀, gbòǹgbò ò rí i mu, afẹ́fẹ́ líle sì ń fẹ́ lókè, ó ń fa omi inú ewé. Òùngbẹ ló ń pa ọ̀pọ̀ ewé tí a rò pé òtútù ló pa. Ìdí nìyí tí ìtàkùn tó ń tutù yípo ọdún lọ́dọ̀ wọn fi ní irú ewé tí tiwa ní: ó nípọn, ó ń dán. Mo ní kó gbin ivy sí ìhà tí oòrùn kì í dé. Ilẹ̀ Yúróòpù gan-an ni ivy ti wá, ó mọ yìnyín láti àárọ̀ ọjọ́, ìgbà tí àwọn òdòdó yòókù bá sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni òun ń tanná fún oyin. Fún ògiri tó kọjú sí gúúsù, níbi tí oòrùn wọn ń fojú sí, mo ní kó wá èyí tí wọ́n ń pè ní star jasmine, tó wá láti ìhà China àti Japan. Ewé rẹ̀ lè pọ́n bí òtútù bá mú un, kó má bẹ̀rù, kò tíì kú. Kó ṣáà rí i pé afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn kò kọlù ú tààrà, kó sì bomi rin ín dáadáa kí ilẹ̀ tó dì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí kò rí yìnyín rí ló ń kọ́ òun ní ọgbà òtútù. Mo ní ọyẹ́ ló kọ́ mi.

Kí a padà sílé. Lẹ́yìn ewé, ohun tí mo tún ń wò ni ọwọ́ tí ìtàkùn fi ń gùn, nítorí ibẹ̀ ni owó ń bọ́ sófo jù. Ọmọ Èkìtì kò yẹ kó ṣàì mọ èyí, torí ilẹ̀ oníṣu ni wá. Àgbẹ̀ tó ń fi igi gbé iṣu mọ̀ pé okùn iṣu ń lọ́ mọ́ igi ni, kò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá fojú sí i, á tún rí i pé ìhà tí okùn iṣu funfun àti ẹ̀wùrà ń gbà lọ́ yàtọ̀ sí ti èsúrú. Ẹni tó bá fi agbára lọ́ ọ sí òdìkejì á bá a lọ́la tó ti tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàkùn òdòdó rí. Àwọn kan ń lọ́, wọ́n fẹ́ wáyà tàbí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn kan ní ọwọ́ kéékèèké tó ń ká, bíi ti ẹ̀jìnrìn àti ùgwú, wọ́n fẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ń fi ẹ̀gún kọ́ ara wọn, àwọn yìí fẹ́ ẹni tí yóò máa fi okùn dè wọ́n. Àwọn kan sì ń yọ gbòǹgbò lára okùn, àwọn nìkan ni wọ́n lè gun ògiri gbọnrangandan láìsí ìrànlọ́wọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbin aláwọ̀ ẹlẹ́wà kan tó ń lọ́ sí ìdí ògiri tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ kunna. Kò sí ibi tó lè dì mú. Ó lọ́ mọ́ ara rẹ̀, ó di òkìtì sílẹ̀, onílé ní ìtàkùn náà ò dáa.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, n kò ní ronú rárá kí n tó mú ìyèré. Ìyèré yìí náà ni, tí ìyá wa fi ń sebẹ̀ fún abiyamọ, tí a ń rà ní Ọjà Ọba. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹ ẹ́ láti kékeré ni kò rí igi rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe igi pàápàá, ìtàkùn ni. Nínú oko kòkó àti nínú igbó tó kù lẹ́yìn Àràmọ̀kọ lọ sí Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ẹni tó bá gbójú sókè á rí i lára igi, tó ń gùn lọ, ó lè ga ju 10 mítà, ewé rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ní ọyẹ́, ní òjò.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ oríkèé rẹ̀ kan. Níbi tí ewé ti yọ, okùn náà wú díẹ̀. Ní ìhà tó kọjú sí igi, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ yọ níbẹ̀, wọ́n kúrú, wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, wọ́n funfun, wọ́n sì rọ̀. Bí wọ́n bá ti di èèpo igi mú tán, wọ́n á di dúdú, wọ́n á le. Ẹni tó bá fẹ́ ká okùn náà kúrò á máa gbọ́ bí wọ́n ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí ewé gbòòrò, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, iṣan rẹ̀ ti ìdí bọ̀, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ wá pàdé lọ́nà ẹnu. Já a, rẹ́ ẹ láàárín ìka, òórùn ata á gbà ọ́ nímú. Àwọn ará Ígbò, tí wọ́n ń pè é ní uziza, ń fi ewé náà sebẹ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Èso rẹ̀ ń so jọ sára igi ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń rọ̀ sílẹ̀. Bí ó bá pọ́n, á pupa. Bí a bá sá a, á dúdú. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ìrù kékeré, ìyẹn igi tó so ó rọ̀, ibẹ̀ la sì fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ata dúdú ti Íńdíà tí wọ́n jọ jẹ́ ìdílé kan. Nítorí ìrù yìí ni àwọn Potogí fi ń pè é ní ata onírù nígbà tí wọ́n bá a ní Bìní ní nǹkan bí ọdún 1486. Wọ́n kó o lọ sí Yúróòpù, àwọn ènìyàn rà á, kó tó wá di pé ọba wọn gbógun ti òwò náà, kí ó má baà ba ọjà ata tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Íńdíà jẹ́. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn tó bá sọ pé ìtàkùn oko ni, kò yẹ fún ilé alájà. Ohun tí ọba Potogí ń bẹ̀rù, a ò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín in.

Mo bi ìyá kan tó ń tà á lọ́jà bí òun ṣe ń mọ èyí tó dára.

"Ìyá, ẹ kú ọjà o. Èwo ni kí n mú?"

"Fi eyín kan pa á, ọmọ mi. Bí kò bá ta ọ́ léti ahọ́n, fi í lẹ̀ fún ẹlòmíràn."

Mo sọ fún un pé mo gbìn ín sílé, sínú ìgboro. Ó wò mí tìfura-tìfura. Ó ní igbó ni tirẹ̀. Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà sì ni gbogbo àṣírí gbígbìn rẹ̀: ìyèré fẹ́ ibòji. Ẹni tó bá gbìn ín sára ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí oòrùn aago mẹ́ta ń bọ́ lù, á rí i tí ewé rẹ̀ ń pọ́n, tó ń jó létí. Ìhà ìlà-oòrùn ló fẹ́, tàbí abẹ́ igi màǹgòrò, tàbí ara ọ̀pẹ tí a kò tíì ha ìdí imọ̀ rẹ̀ tán. Ní Òkè-Ìlá, mo gbin ọ̀kan sí ìdí igi orógbó lẹ́yìn ilé bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì. Kò fi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé náà sílẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló ń gbé àga sí láàárọ̀.

Nígbà tí mo bá fẹ́ gé èyí tí mo máa gbìn, okùn tó ń gùn ni mo máa ń gé, èyí tó ní gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ní oríkèé. N kì í gé ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ tó ń so èso, torí kò ní ọwọ́ tí yóò fi gun nǹkan. Ivy náà ní irú ìwà yìí: ẹ̀ka rẹ̀ tó ti ń tanná, bí a bá gé e gbìn, igbó kúkúrú ló ń dà. Oríkèé mẹ́ta tó fún èyí tí mo bá gé. Mo máa ń ri méjì mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tí mo ti pò mọ́ ìdọ̀tí pákó tó ti jẹrà, mo á gbé e sábẹ́ ibòji, mo á fi náílọ́ọ̀nù funfun bò ó kí ìrì má kúrò lára rẹ̀. Sùúrù ló kù. Kì í yára.

Ohun kan tó máa ń dùn mí nípa ìyèré ni bí àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ṣe ń ṣá a dànù lára kòkó, wọ́n ní àfòmọ́ ni. Kì í ṣe àfòmọ́ rárá. Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò nílẹ̀, inú ẹ̀ka igi ló ti gbòǹgbò wọlé, omi igi náà ló sì ń mu, ìdí nìyẹn tí òun náà fi ń tutù lọ́yẹ́ nígbà tí igi tó gbé e ń rọ. Kí a tọ okùn ìyèré wálẹ̀ ká wò ó, ilẹ̀ ló ti wá. Ó ń gbára lé igi ni, kò jẹ ẹ́. Kí a tó gbé àdá, kí a kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyèré, èyí tí mo ń tà jù fún ibi tí kò sí oòrùn púpọ̀ ni èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní money plant, tí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè lára àwọ̀ ewé. Erékùṣù kan láàárín agbami Pàsífíìkì ni wọ́n ní ó ti wá. Ó ní ìwà kan tí n kò tíì yé fẹ́ràn: bí a bá gbé e kọ́ tí okùn rẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀, ewé rẹ̀ á máa kéré sí i, bí ó bá rí igi gùn, ewé rẹ̀ á máa tóbi bí ó ti ń ga, títí á fi tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ju ojú ènìyàn lọ. Ẹni tó ní in nínú ìgò lórí tábìlì pálọ̀ kò mọ ohun tó ní. Ṣùgbọ́n kí ọmọdé má fi sẹ́nu, kí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́ o, omi ara rẹ̀ á jó wọn lẹ́nu.

Fún ògiri búlọ́ọ̀kù gíga tí a fẹ́ kó bò pátápátá, kò sí ohun tó tó creeping fig, ìbátan ọ̀pọ̀tọ́ láti ìlà-oòrùn Éṣíà. Ewé rẹ̀ kéré, ó sì ń tẹ́ mọ́ ògiri bí ẹní. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí díẹ̀, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà kó tó sanwó. Bí a bá pa á tì, á yọ ẹ̀ka tó gùn síta, ewé ńlá á dé, kò sì ní lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́. Bí a bá sì wá fẹ́ yọ ọ́, ọ̀dà ara ògiri á bá a lọ. Ẹni tí kò ní agégi tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kó má gbìn ín. Kí a má gbìn ín rárá sára ilé alámọ̀ àtijọ́ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú. Gbòǹgbò á wá ibi tó ti là, á wọ abẹ́ sìmẹ́ńtì, á gbé e kúrò.

Bougainvillea, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, torí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọmọ gúúsù Amẹ́ríkà ni, ní Rio de Janeiro ni Philibert Commerson tó jẹ́ ọmọ Faransé ti rí i ní 1767, nínú ìrìn àjò tí Bougainville ṣáájú, nínú ọkọ̀ ojú omi tí Jeanne Baret ti múra bí ọkùnrin kí wọ́n lè gbà á láàyè láti máa ran Commerson lọ́wọ́ nídìí kíkó ewé jọ. Ó dùn mí pé orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ ló wà lára òdòdó náà, tí ti Baret kò sí níbẹ̀. Ohun pupa tí a ń pè ní òdòdó lára rẹ̀, ewé ni. Òdòdó gan-an ni funfun kékeré tó wà láàárín. Ògiri ìwọ̀-oòrùn tó pa ìyèré, òun ló fẹ́. Nígbà ọyẹ́ á wọ́ ewé díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ló ń pọ́n jù, nítorí òùngbẹ díẹ̀ ló ń mú un tanná. Àwọn tó ń pè mí pé tiwọn kò pọ́n, tí mo bá dé ibẹ̀, omi ni wọ́n ń bu sí i ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Rangoon creeper ń kọ́? Òun ni oníbàárà ń bèèrè lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i nílé ọ̀rẹ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ní ìrọ̀lẹ́, òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là funfun, òórùn dídùn rẹ̀ sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ kejì ó ti di àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́, lọ́jọ́ kẹta ó pọ́n kuku, gbogbo àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà papọ̀ lórí ẹ̀ka kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidi. Síbẹ̀ n kì í tà á fún ẹni tó sọ pé òun fẹ́ ewé ní oṣù kìíní, àfi tó bá ní kànga, torí bí ilẹ̀ bá gbẹ, á wọ́ ewé sílẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan wà nínú igbó wa, tí àwọn tó mọ ewé ń pè ní ògan, tó ń yọ ewé funfun sí ìdí òdòdó pupa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìgèdè kọjá ní oṣù kejìlá lè rí i lórí pápá tí kò tíì di oko. Ìdí tí àwọn oní-fúláwà bíi tèmi fi ń ta ti Éṣíà, tí a fi tiwa sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ó yẹ kí a bi ara wa.

Fún ẹni tí kò ní àyè púpọ̀, tó ń gbé yàrá àti pálọ̀ nínú ilé ayálégbé, amúnútutù ni mo ń dábàá. Èyí tí okùn rẹ̀ pupa lẹ́wà ju èyí tó tutù lọ. Ó ń lọ́ mọ́ okùn tí a ta láti ilẹ̀ dé òrùlé, ewé rẹ̀ nípọn, ó kún fún omi, ó sì jẹ́ ẹ̀fọ́. Bí omi ìfọṣọ àárọ̀ tí kò ní ọṣẹ púpọ̀ bá ń dé ìdí rẹ̀, kò ní fi ọyẹ́ sílẹ̀ láìsí ewé. Bí a ti ń já a jẹ ló ń yọ. Ewé ògbó náà wà, tí àwọn elégbòogi ń wá kiri. Ó ń tutù lára ọgbà láìsí ìyọnu, kò sì bèèrè ju wáyà kan lọ.

Ẹ̀rù ejò ni àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ sọ, pàápàá àwọn ìyá àgbà. N kì í bá wọn jiyàn, torí ejò wà ní Adó, àpáta àti koríko sì sún mọ́ ilé wa. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí ìdí ìtàkùn mọ́ láti ilẹ̀ dé orúnkún: kí okùn nìkan wà níbẹ̀, kí ewé má sí, kí a lè rí ilẹ̀ àti ìdí ògiri láti ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ̀ka má kan fèrèsé. Kí ó má wọ abẹ́ páánù. Ìtàkùn tí a bá ń gé bẹ́ẹ̀ kò fún ejò ní ibi ìsápamọ́ tó yàtọ̀ sí ti òkìtì búlọ́ọ̀kù tí ọ̀pọ̀ wa fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé láti ọjọ́ tí a ti kọ́ ọ.

Gbígbìn ló kù. Àkọ́rọ̀ òjò oṣù kẹta kì í tàn mí, torí ó lè rọ̀ tán kí oòrùn tún fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ jó ilẹ̀. Oṣù karùn-ún ni mo ń gbìn, nígbà tí òjò ti mulẹ̀, kí gbòǹgbò lè ní àkókò tó pọ̀ láti wálẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ihò náà ní láti jìnnà sí ìdí ògiri ní ìwọ̀n apá kan, nítorí ibẹ̀ ni sìmẹ́ńtì àti òkúta àwọn tó kọ́lé wà, òjò kì í sì í dé abẹ́ etí òrùlé. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà ni mo ń pò mọ́ ilẹ̀. Bí ó bá ṣì ń rùn, kò tíì tó. Nígbà tí àrọ̀kúrò bá ń rọ̀ lọ ní oṣù kẹwàá, tí ilẹ̀ ṣì tutù nínú, mo máa ń fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo kòkó bo ìdí rẹ̀ kí omi tó wà níbẹ̀ má fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ní ọyẹ́ àkọ́kọ́, omi garawa kan lọ́sẹ̀ kan, kí a dà á díẹ̀díẹ̀ kó wọlé, sàn ju ìbùwọ́n ojoojúmọ́ tí kò kọjá ojú ilẹ̀. Kí a tún máa wọ́n omi sí ewé láàárọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí eruku lè ṣàn kúrò, torí ewé tí eruku bò kì í rí oòrùn lò. Lọ́dún kejì, ìyèré tó ti rí ibòji tó fẹ́ kò ní nílò ìdajì omi yẹn mọ́. Bí ó bá dé etí òrùlé, oṣù kẹsàn-án ni kí a gé orí rẹ̀, kí oríkèé mẹ́ta-mẹ́ta tí a gé náà lọ sínú náílọ́ọ̀nù fún aládùúgbò tó ti ń bèèrè.